Ẹ̀rù Àtọwọ́dá: Èló Ni, Ta Ló sì Ń San Án?

Bí oṣù kẹwàá bá ti dé ìdajì ní Amẹ́ríkà, ibojì á bẹ̀rẹ̀ sí í hù níwájú ilé àwọn èèyàn. Ní àdúgbò tí kò sí itẹ́ òkú kankan nítòsí, ẹ ó rí òkúta sàréè mẹ́wàá lórí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ọwọ́ òkú á yọ jáde láti inú ilẹ̀. Egungun èèyàn á jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà bí onílé tó ń gbatẹ́gùn. Tó bá di alẹ́, èéfín á bo ilẹ̀, iná àwọ̀ ewé á máa tàn lábẹ́ igi, nǹkan funfun kan á sì máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Onílé tó ṣe gbogbo èyí kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe olóògùn. Ó lè jẹ́ akọ̀wé owó, ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe. Láti oṣù keje ló ti wà nínú gáréèjì rẹ̀ tó ń gé fóòmù.

Àwa Yorùbá tí a ń gbé láàárín wọn máa ń fi ọkàn méjì kọjá níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹnu wa á ní “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”, ẹsẹ̀ wa á sì dúró, ojú wa á máa wò. Àwọn ọmọ wa ò tiẹ̀ ní ọkàn méjì: wọ́n fẹ́ wọlé. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí kì í ṣe bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni Halloween. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn àfáà ti ń bá ìyẹn bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ìbéèrè tiwa kéré sí i, ó sì lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé ó tọ́ kí èèyàn fi owó ara rẹ̀ àti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rù fún ẹlòmíràn? Bí ó bá tọ́, èló ni ẹ̀rù yẹn, ta ló sì ń san án?

Àwọn ará Ireland àti Scotland ni wọ́n gbé ayẹyẹ yìí wọ Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ wọn, alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni ìkórè parí tí ìgbà òtútù bẹ̀rẹ̀. Samhain ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì gbà pé ilẹ̀kùn tó wà láàárín òkú àti alààyè kì í tì dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìjọ Àgùdà fi ọdún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ sí ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n fi ti àwọn òkú sí ọ̀tunla. Tọ́nípù làwọn ará Ireland ń gbẹ́ ojú sí, tí wọ́n ń ti iná bọ inú rẹ̀. Nígbà tí ìyàn pòtétò lé ọ̀kẹ́ àìmọye wọn dé Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1840, wọ́n bá elégédé níbẹ̀. Ó tóbi ju tọ́nípù lọ, inú rẹ̀ rọ̀, ó rọrùn í gbẹ́. Bí elégédé ṣe gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ tọ́nípù nìyẹn.

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, alẹ́ náà ti di alẹ́ ìbàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìgboro. Wọ́n ń fọ́ fèrèsé, wọ́n ń ba ọkọ̀ jẹ́. Àwọn òbí àti ẹgbẹ́ àdúgbò wá rò ó pé bí a bá fún àwọn ọmọ yìí ní oúnjẹ àti ẹ̀rù, wọn ò ní lọ wá a kiri. Wọ́n pín àjọ̀dún náà láti ilé dé ilé, wọ́n sì sọ yàrá abẹ́ ilé di ibi òkùnkùn tí ọmọ ń rá kọjá, tí nǹkan tútù á máa kàn án lójú. Ẹ kíyè sí i: ohun tí àgbà ṣe fún ọmọ ni ẹ̀rù àtọwọ́dá yìí nígbà náà, kí ọmọ má bàa lọ ṣe tirẹ̀ ní títì.

Lónìí, ọjà ti wọ inú rẹ̀. Ní 2023, National Retail Federation, ẹgbẹ́ àwọn onísọ́ọ̀bù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé àwọn ará ìlú yóò ná 12.2 bílíọ̀nù dọ́là lórí Halloween, àti pé 3.9 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ á lọ sórí ọ̀ṣọ́. Ọ̀ṣọ́ nìkan o, kò kan súwíìtì, kò kan aṣọ. Ní 2020, ọdún kòrónà, Home Depot gbé egungun oníke kan jáde tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Iye rẹ̀ jẹ́ 299 dọ́là, kíá ló sì tán. Ohun tó bá wu olówó ni yóò fi owó rẹ̀ rà, a ò bá wọn jà.

Ẹni tó ń fọwọ́ ṣe tirẹ̀ á sọ fún yín pé òun ń ṣọ́ owó ná ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò. Òkúta sàréè rẹ̀ kì í ṣe òkúta. Fóòmù líle tí àwọn tó ń kọ́lé fi ń dí ara ògiri kí òtútù má wọlé ni. Pátákó kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 lè gbà tó 40 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sàréè mélòó kan péré ló sì máa yọ nínú rẹ̀. Á fi irin gbígbóná fín orúkọ sí i, á fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn ún, á wá da omi ọ̀dà dúdú sí i lórí kí ó ṣàn wálẹ̀, kí ó lè dà bí èyí tí òjò ti ń pa láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Iwin tó dúró lẹ́bàá igi ńkọ́? Àpò ìdọ̀họ ni wọ́n rì sínú ẹrẹ̀ kan tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní monster mud. Ìwọ̀n márùn-ún lára ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ìsopọ̀ ògiri ni wọ́n ń pò mọ́ ìwọ̀n ọ̀dà kan. Bí ó bá gbẹ, aṣọ á le gbagidi bí ère.

Nǹkan funfun tó ń gòkè tó ń sọ̀ yẹn, okùn ìpẹja ló so mọ́ orí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí wáípà ọkọ̀, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù, ló ń fa okùn náà. Iná fóòtì 12 ló ń jẹ, ọ̀pọ̀ wọn á sì lọ tú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ wá fún un. Èéfín náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Gbígbóná ló máa ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, òkè ló sì máa ń lọ. Kí ó tó lè rà mọ́lẹ̀ bí ìkùukùu àárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á kọjá nínú ike ńlá tí yìnyín kún inú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Owó fóòmù, owó ọ̀dà, owó yìnyín, owó iná, owó súwíìtì tí wọ́n máa pín. Tí a bá wá fi owó iṣẹ́ lé e, tí a san wákàtí kọ̀ọ̀kan fún un bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń san án, egungun ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọ̀fẹ́.

Owó tí a kò lè kọ sínú ìwé tún wà níbẹ̀. Fíìmù kan wà, The American Scream, tí Michael Stephenson ṣe ní 2012. Ó tẹ̀ lé ìdílé mẹ́ta ní Fairhaven, ìlú kékeré kan ní Massachusetts, tí wọ́n ń sọ ilé wọn di ilé iwin lọ́dọọdún. Ẹni tó bá wò ó á rí i pé kì í ṣe baba nìkan ló ń sanwó. Ìyàwó ń bá a san án, ọmọ ń bá a san án: oorun tí wọn ò sùn, òpin ọ̀sẹ̀ tí wọn ò lò, ilé tí ẹrù kún dé àjà. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Èèyàn lè máa ṣe ẹ̀rù fún ọmọ ẹlòmíràn títí tí tirẹ̀ kò fi ní rí ojú rẹ̀ nílé.

Kí ló wá dé tí wọn ò fi dẹ́kun? Èrò wa ni pé ìdáhùn wà nínú ohun tí àwọn tó ń kọjá máa ń bi wọ́n. Bí egungun tí wọ́n rà bá dúró níwájú ilé, ìbéèrè tí aládùúgbò máa bi onílé ni “Èló lẹ rà á?” Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe, ìbéèrè náà á yí padà: “Báwo lẹ ṣe ṣe é?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ parí síbẹ̀ náà ni. Wọ́n á dárúkọ iye, oníkálukú á wọlé. Èkejì ò lè parí bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí onílé sún mọ́ ẹni tó béèrè, kí ó fi okùn hàn án, kí ó ṣí ẹ́ńjìnnì wáípà fún un, kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí koríko bí ọmọdé tó ń wo kòkòrò. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Amẹ́ríkà, èèyàn lè gbé ọdún mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan kó má mọ orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn gáréèjì á ṣí, ọkọ̀ á wọlé, ilẹ̀kùn á tì, ó parí. Iwájú ilé wà, koríko wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ kí ará àdúgbò. Ẹ̀rù ló wá ṣí ibi tí ìkíni kò lè ṣí.

Inú ẹ̀rù àtọwọ́dá tún ní adùn méjì: adùn pé ó bà ọ́, àti adùn pé o rí ìdí rẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Kérésìmesì ní 1862, ní Royal Polytechnic ní London, John Henry Pepper mú kí iwin kan yọ lórí ìtàgé níṣojú èrò. Gíláàsì ńlá kan tí wọ́n dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ṣe é, Henry Dircks ló sì kọ́kọ́ ronú kan ọgbọ́n náà. Disneyland ṣì ń lò ó nínú Haunted Mansion tí wọ́n ṣí ní 1969. Baba kan ní àdúgbò náà lè fi ike tó mọ́ gaara àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù ṣe irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọmọ tó sá lálẹ́ àná á padà wá lọ́sàn-án láti wo ibi tí iwin náà ti yọ, á sì rí i pé ike ni. Kò bínú pé wọ́n tan òun jẹ. Ó ti kọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀rù tí ìwàásù kò lè kọ́ ọ: pé èèyàn lè la ẹ̀rù kọjá, kó sì yí padà wò ó.

Àwọn kan lára wa á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, kò kàn wá. Ó kàn wá o. Ẹ̀yà wo ló mọ ẹ̀rù àtọwọ́dá tó wa? Ẹ wo ẹ̀kú eégún. Aṣọ lórí aṣọ ni, ìdílé á máa fi tuntun kún un, àwọn ìran tó ń bọ̀ náà á bá a níbẹ̀. Ẹ wo àwọn alárìnjó, eégún apidán tó ń ti ìlú dé ìlú. Wọ́n á di ọ̀nì, wọ́n á di ère, wọ́n á di òyìnbó onímú gígùn, èrò á sá, èrò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sanwó. Ẹ tún wo àwọn ọmọdé ní àgbàlá tí wọ́n fi àkísà àti ìró ìyá wọn ṣe eégún tiwọn, tí wọ́n ń fi pàṣán lé ara wọn. Teni ni teni, ti àkísà ni ti ààtàn. A ti ń ran ẹ̀rù, a ti ń lẹ ẹ̀rù, ó ti pẹ́.

Ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ da nǹkan méjì pọ̀. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ń bínú sí ibojì fóòmù ní ẹjọ́ tó dáa. Wọ́n ní a kì í fi òkú ṣeré. Ní ilẹ̀ wa, inú ilé ni wọ́n ń sin òkú àgbà sí tẹ́lẹ̀. Ojú oórì baba wà ní yàrá, àwọn ọmọ ń rìn kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ẹni tí ojú oórì bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ ẹní tó ń sùn lé kò nílò sàréè fóòmù. Eégún tó ń jáde, ará ọ̀run ni ní ojú àwọn onílé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní Amẹ́ríkà yìí náà, ní abúlé Ọ̀yọ́túnjí ní South Carolina, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n padà sínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá ń bọ eégún. Bí ẹnìkan bá gbé ẹ̀kú wọn kọ́ iwájú ilé nítorí Halloween, ìwọ̀sí gbáà ni. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

A gbà fún àwọn àgbà yìí dé ibì kan. Ohun tí a fi kún un ni pé ọ̀rọ̀ òyìnbó Amẹ́ríkà yàtọ̀. Wọ́n ti gbé òkú wọn jìnnà. Ilé ìwòsàn ni òpọ̀ èèyàn ń kú sí, àwọn oníṣẹ́ òkú ló ń wẹ̀ wọ́n, itẹ́ òkú sì wà lẹ́yìn ìlú níbi tí ọmọ kì í dé. Èèyàn lè tó ọmọ ogún ọdún kí ó má tíì rí sàréè rí. Kí àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fọwọ́ ara wọn gbẹ́ sàréè, kí wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fi ọmọ wọn yí i ká fún alẹ́ kan, a ò rò pé ẹ̀gàn lásán ni. Ó dà bí ẹni tó ń wá ọ̀nà padà sí ohun tó ti jù nù, tó sì jẹ́ pé eré nìkan ló rántí pé òun fi lè sún mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ́ tí eégún lè kọ́ wọn, tó lè kọ́ àwa náà, wà níbòmíràn: ó wà lọ́wọ́ atọ́kùn. Eégún kì í dá jáde. Bí ó ṣe le tó, ẹnìkan wà níwájú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀, tó mọ ibi tó yẹ kó yà, tó mọ aláboyún tó yẹ kí wọ́n yẹra fún, tó lè ní “Ó tó!” Ẹni tí eégún bá lé mọ ẹni tó lè bẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹ̀rù dáa, wọn ò sì fi í sílẹ̀ láìní olùtọ́jú. Ẹ̀rù tí kò ní atọ́kùn ni ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ máa ń san gbèsè rẹ̀.

Gbèsè náà pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ ilé ẹ̀rù, òun ló ní kí wọ́n dẹ́rù ba òun. Iwájú ilé ò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ jẹ́ ti onílé, ṣùgbọ́n ojú títì jẹ́ ti gbogbo ayé. Opó tó sin ọkọ rẹ̀ ní oṣù tó kọjá máa gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Sójà tó ti rí òkú gidi lójú ogun máa gba ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ike àti ara máa gba ibẹ̀ nínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù kẹwàá 2005, ní Frederica ní ìpínlẹ̀ Delaware, obìnrin kan pa ara rẹ̀ lórí igi lẹ́bàá títì. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló wà níbẹ̀. Àwọn tó kọjá rí i, wọ́n sì rò pé ọ̀ṣọ́ Halloween ni. A ò dá àwọn tó kọjá lẹ́bi; ojú wọn ti mọ́ òkú àtọwọ́dá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀ṣọ́ náà náni nìyẹn: ó gba igbe kúrò lẹ́nu èèyàn níbi tó ti yẹ kí ó ké.

Àwọn ère tí wọ́n ń so rọ̀ sórí igi tún ní ìtàn tó ju èyí lọ. Ní Amẹ́ríkà, ara tó rọ̀ sórí igi kì í ṣe àlọ́. Equal Justice Initiative ti ka àwọn aláwọ̀ dúdú tó ju 4,400 lọ tí ogunlọ́gọ̀ pa láìsí ìdájọ́ láàárín 1877 sí 1950. Ní ilé ìrántí tí wọ́n ṣí fún wọn ní Montgomery, ní Alabama, ní 2018, òpó irin ló rọ̀ láti òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún káúntì kọ̀ọ̀kan tí ìpànìyàn náà ti ṣẹlẹ̀. Onílé lè so ère aláṣọ àkísà mọ́ igi rẹ̀ láìní èrò burúkú kankan. Aládùúgbò rẹ̀ aláwọ̀ dúdú á rí i, ẹ̀rù á bà á, ẹ̀rù yẹn kì í sì í ṣe èyí tí onílé ṣe. Ó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì. Onílé kàn jí i ni. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbẹ̀ ti di ara àwọn tí ìtàn yìí jẹ tiwọn, bí àwa òbí wọn tiẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú dé lánàá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọlangidi tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ káàkiri, tí wọ́n kọ Vodou sí lára. Ẹ̀sìn àwọn ará Benin àti Haiti ni wọ́n ń fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn tí ìjọba Benin fún ní ọjọ́ ìsinmi lóṣù kìíní ọdún. Ó ń gba owó lápò ẹni tó ṣe é, ó sì ń gba iyì lára ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti jà fún ara rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ohun tí kò lè sọ̀rọ̀. Àwọ̀n aláǹtakùn oníke tí wọ́n ń fà sára igi máa ń mú òwìwí àti ẹyẹ kéékèèké. Fóòmù pẹ̀lú, ọ̀rẹ́ iná ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 1984, ilé ẹ̀rù kan jóná nínú ọgbà ìgbádùn kan ní New Jersey. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ kú sínú rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ohun tó tètè ń gbiná sì wà lára ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ fi aṣọ àti fóòmù ṣe ihò tí ọmọ máa gbà kọjá ní gáréèjì rẹ̀, kó kọ́kọ́ ka ilẹ̀kùn tí ọmọ lè gbà sá jáde.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ó tọ́. Ó tọ́ kí èèyàn ṣe ẹ̀rù fún ẹlòmíràn, bí ó bá gbà láti jẹ́ atọ́kùn rẹ̀. Èyí ni iyì tí ìfọwọ́ṣe ní tí èyí tí wọ́n rà kò ní, kì í ṣe pé ó dín owó kù. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta gbẹ́ sàréè mọ gbogbo ibi tó wà lára rẹ̀, kì í sì í fẹ́ wọlé lọ sùn lálẹ́ tí èrò máa wá wò ó. Á dúró níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá ké, á ṣí ojú abàmì tó fi bojú, á fi ẹ̀rín hàn án, á gbé súwíìtì lé e lọ́wọ́. Bí aládùúgbò bá wá bá a pé “Ẹ jọ̀ọ́, ère tó wà lórí igi yẹn ò jẹ́ kí n sùn,” á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Egungun oníke náà lè ní atọ́kùn, bí ẹni tó rà á bá dúró tì í. Ohun àfọwọ́ṣe náà sì lè di òfo, bí ẹni tó ṣe é bá fi aago tan iná rẹ̀, tó wọlé, tó ti ilẹ̀kùn.

Kí àwa Yorùbá tí ń bẹ níbẹ̀ wá ṣe kí ni? Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gbà á, kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó má sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àjẹ́ ni ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, kó má sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí gáréèjì, kó wá àkísà, kó wá páálí, kí wọ́n jọ ṣe é. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, kí ó tó gbé e síta, kó rìn lọ sí ojú títì, kó dúró níbi tí opó yẹn máa gbà kọjá, kó wò ó láti ibẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ bá kọ̀ níbẹ̀, kó yọ ọ́ kúrò. Kó wá gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó kù, kó jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú abọ́ súwíìtì lórí itan, kó sì máa kí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀.